Má Tìtorí Bọ́tìnnì Pupa Padà Wálé

Ilé wa, Ùsò,
lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀.

Yẹ́misí, Àjíkẹ́ mi,

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. N kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa títí dé orí Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá fẹ́ fèsì lẹ́tà yìí, ohun tí o ti ṣe ni kí o sọ fún mi, má sọ ohun tó yẹ kí èmi ṣe. Káyọ̀dé ní kí n má wulẹ̀ kọ ọ́, kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Lórí fóònù, bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á sọ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wàá bú sẹ́kún, èmi náà á sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Jókòó kí o kà á tán. Bó o bá fẹ́ sunkún, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé tí mo kà tí kò ju pámárì tíríì lọ. Bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, fi ẹnu rẹ tọ́ ọ, má fi bíírò pupa sí i.

Ẹ̀rù bà mí, Yẹ́misí. Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni Káyọ̀dé sọ fún mi pé o ní o kò ṣe púrójẹ́ẹ̀tì rẹ mọ́. Ó ní o fẹ́ dá ẹ̀kọ́ rẹ dúró, kí o wá máa bá mi ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ gààrí wa. Mo ní, "Ta ni?" Ó ní, "Yẹ́misí ni." Mo ní, "Yẹ́misí wo?" bí ẹni pé mo bí méjì. Iyán wà níwájú mi, ọbẹ̀ wà níwájú mi, n kò mọ ìgbà tí wọ́n tutù.

Ní pátì fáífù! Níbi tó kù díẹ̀ kí o jáde! Nítorí irin kan!

Mo mọ̀ pé èmi ni mo ba irin náà jẹ́. N kò ní tọrọ àforíjì, má wulẹ̀ wá a nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó dà bíi pé ojú tì ọ́ débi pé o kò rí gbogbo rẹ̀.

Káyọ̀dé ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ni Yẹ́misí ń kọ́ báyìí. Èmi sì rèé, mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnjiníà ni ọmọ mi, pé irin ló ń rọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹnjiníà tó ń táìpù." O mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń fa ọ̀rọ̀. N kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan lọ́wọ́ kó lè jọ àbẹ̀wò, mo wọ mọ́tò wá bá ọ ní yunifásítì láìpè. Mo fẹ́ bá ọ lójijì, kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ lò ń pa fún mi láti ọdún yìí wá.

Mo bá ọ nínú yàrá tí fáànù ń fẹ́. O jókòó. Ìjókòó yẹn ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Mo gba ọwọ́ rẹ bí ẹni tó fẹ́ kí ọ, èékánná rẹ ni mò ń wò. Wọ́n mọ́ bíi ti ìyàwó tuntun, kò sí gíríìsì kankan. Mo ní, "Yẹ́misí, irin dà?" O ní, "Ìyé, ẹ jókòó. Inú ibí ló wà." O sì nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Ara mi bù máṣọ.

Rólà ẹ̀rọ wa ni mo rí. Rólà tí ń rin ẹ̀gẹ́, tí èmi pẹ̀lú rẹ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ṣe: a tẹ́ páànù sílẹ̀, a fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí i lára títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi hu eyín, a wé e mọ́ igi roboto, a kàn án. Kò pẹ́ tí eyín á fi kú, a tún jókòó. O fi òòlù lu àtàǹpàkò rẹ nígbà tí o wà ní kékeré, o sì fi sínú ẹnu, o ń wò mí bóyá mo rí ọ. Rólà yẹn ni mo rí nínú dígí kọ̀ǹpútà, ó dá dúró sínú afẹ́fẹ́, ó ń yí, iná ń kọ lára rẹ̀. Ó ní òjìji. Ohun tí kò tíì sí láyé, ó ní òjìji!

O mú kí eyín kan ṣoṣo yọ jáde lára rẹ̀, o tẹ nǹkan, eyín yòókù sì hù yíká fúnra wọn. O kọ nọ́ńbà kan, gbogbo wọn kúrú. O kọ òmíràn, wọ́n ga. Mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún ọ pé kí o jẹ́ kí eyín náà ga dáadáa, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa tètè rin ẹ̀gẹ́. O ní, "Ìyé, ẹ wò ó." O gbé e ga bí mo ṣe wí, o sì tẹ nǹkan mìíràn, ìdí eyín náà pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ata. Mo bi ọ́ pé kí ni pupa yẹn. O ní, "Ibẹ̀ ló máa ti kán."

Mo di orí mú. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà láyé ni mo ti ń fi ẹ̀rọ jẹun. Mo ti rí irin tó kán, mo ti gbọ́ ìró irin tó fẹ́ kán. N kò tíì rí ibi tí irin tí kò tíì sí máa ti kán rí. Ìmọ̀ràn tí mo gbà ọ́ kò dára, dígí ló sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. N kò bínú. Ẹnu ló yà mí, kò sì tíì padé.

Lẹ́yìn náà lo mú mi lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù láti lọ wo bí ẹ̀rọ ṣe ń gé rólà náà jáde látinú irin gidi. Ọ̀gá tó ń mójú tó ibẹ̀ fún mi ní gíláàsì ojú, ó ní, "Màmá, ẹ dúró síbí. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, bọ́tìnnì pupa ńlá yìí la máa ń tẹ̀." Òun ló sọ ọ́. Rántí pé òun ló sọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá ìdáná mi. Omi funfun bí omi ògì ń tú sí irin náà lára, irin ń yí, ọ̀bẹ ń jẹ ẹ́, ìwọ sì ká ọwọ́ sáyà! Kò sẹ́ni tó di ohunkóhun mú. Mo rí i tí ẹ̀rọ náà dúró fúnra rẹ̀, ó dá ọ̀bẹ tó ń lò padà sáàyè rẹ̀, ó mú òmíràn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo ní "Jésù!" sókè. O rẹ́rìn-ín, inú rẹ dùn, mo rí i. Ìlẹ̀kùn dígí ẹ̀rọ náà kò padé tán. O na ọwọ́ gba àlàfo yẹn, o ní, "Ìyé, ẹ wo eyín àkọ́kọ́."

Ọwọ́ rẹ. Nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ náà mọ òfin ilé ẹ̀rọ wa. Ẹni tó bá rí ọwọ́ tàbí aṣọ nítòsí bẹ́líìtì, kó pa ẹ́ńjìnnì. Kó má bi ẹnikẹ́ni, kó má pariwo, kó pa á ná. Ìwọ fúnra rẹ pa ẹ́ńjìnnì mọ́ oníbàárà mi kan lọ́wọ́ nígbà tí o kò tíì ga tó tábìlì, torí gèlè rẹ̀ ń jábọ̀. Obìnrin náà bínú, mo sì bu ẹran fún ọ níṣojú rẹ̀. Nítorí náà n kò rò ó rárá. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi gbá bọ́tìnnì náà.

Ó dún gbàgà! Ọ̀bẹ kán sínú irin. Omi funfun ń kán tó, tó.

Ọ̀gá náà ní, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni. Ọwọ́ ọmọ mi wà nínú ẹ̀rọ."

Ó ní, "Màmá, ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ọ̀bẹ!"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó túbọ̀ jìnnà sí i."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní, "Màmá ti gbà wá lọ́wọ́ ikú o!" Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín, o kò sì bá mi jà. O yọ rólà náà, ọ̀bẹ ti ha eyín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. O nù ún bí ẹni nu ọmọ, o gbé e sílẹ̀, o sìn mí dé gáréèjì láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra ni mo bi ọ́ pé, "Ṣé iṣẹ́ náà ti parí nìyẹn?" O ní, "Irin ló bàjẹ́, Ìyé. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà." O sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

N kò gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń yí i wò, ó sì ti wá yé mi, ìyẹn ló mú kí n mú bíírò. Bí alágbẹ̀dẹ bá ba ọkọ́ jẹ́, ọkọ́ náà ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ tún máa wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Rólà rẹ wà nínú dígí lódindi, gbogbo eyín rẹ̀ pé, kò sí bọ́tìnnì tí mo lè gbá tó máa kàn án. Kí lo wá ń sunkún sí? Kí ló fẹ́ gbé ọ wálé? Họ̀wù!

Ó dára. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Èkíní, má wálé. N kò ní ṣílẹ̀kùn. Bó o bá dé pẹ̀lú àpótí rẹ, ẹnu ọ̀nà lo máa bá mi, màá bi ọ́ pé ta lò ń wá. Ṣé o mọ ìdí tí n kò fi kọjá pámárì tíríì? Wọ́n gbé tíṣà kan wá láti ìlú òkèèrè. Ó ní kí n kàwé sókè, mo kà á bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ l'Ọ́wọ̀, òun àti gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé síléètì mi sílẹ̀, mo gba ojú fèrèsé jáde, n kò padà mọ́. Mo rò pé ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n. Wọ́n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti lọ! Bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, oko ń bẹ. Ẹ̀rín yẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, Àjíkẹ́, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bẹ ẹlòmíràn kó bá mi ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba bá fi ránṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní mo gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú, ó ti gbàgbé. Òun máa gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Èkejì, lọ bá ọ̀gá wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà, kí o kúnlẹ̀. Káyọ̀dé ní ọ̀gá náà sọ pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti kún orí ẹ̀rọ náà títí tí sáà á fi parí. Nítorí náà má bẹ̀ ẹ́ fún àkókò tí gbogbo ayé ń dù. Àkókò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni kí o tọrọ: kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ìgbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, Sátidé. Bó bá bú ọ, jẹ́ kó bú ọ tán. Bó bá ní wèrè ni ìyá rẹ, sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo fún ọ láyè. N kò tíì fún ọmọ kankan láyè bẹ́ẹ̀ rí, Káyọ̀dé lè jẹ́rìí. Sọ̀rọ̀ náà kíá kó tó yí ọkàn padà, gba àyè rẹ, kí o dìde.

Káyọ̀dé tún sọ ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ó ní wọ́n ní bí o kò bá rí àyè lórí ẹ̀rọ, o lè fi àwòrán nìkan ṣe é, kí o kọ ìwé lé e lórí, kí wọ́n fún ọ ní máàkì díẹ̀. Ìwé lórí rólà tí ẹnì kankan kò ní fọwọ́ kàn! Rárá o. O kò jókòó sídìí dígí láti ìgbà yìí wá kí nǹkan náà lè kú síbẹ̀. Gé e.

Ti irin tí wọn máa gé, Káyọ̀dé ló máa rà á. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa rà á.

Ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ yẹn o fi hàn mí pé kọ̀ǹpútà lè ṣe gígé náà bí eré kí ọ̀bẹ tó kan irin, kí èèyàn lè rí ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. O ní àwọn kan nínú yín máa ń fò ó torí wọ́n ń kánjú. Má fò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ, orí mi wú. Mo pe àwọn ará ilé bàbá rẹ láti Ìdógùn, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Èmùrè-Ilé, mo wọ aṣọ tuntun. Ẹni tó bá mi to ẹ̀rọ náà ní, "Ìyàwó, ẹ fi ọwọ́ yí i wò ná kí ẹ tó tan iná sí i." Ojú ń tì mí láti máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ níwájú àlejò, mo kàn tan ẹ́ńjìnnì. Sípánà onítọ̀hún wà nínú rólà. Ó fò jáde lójú gbogbo wa, ó gba òrùlé lọ. Ìyá ọkọ mi dojúbolẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Òkè ibi tí o máa ń jókòó sí ni ihò yẹn wà, ibi tí òjò ti ń kán sí ọ lórí. Wò ó nínú dígí ná. Bó ti wù kí ọ̀gá náà máa kán ọ lójú tó, wò ó ná.

Ẹ̀kẹrin, má na ọwọ́ gba àlàfo ìlẹ̀kùn yẹn mọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe. Bí mo bá tún dé ibẹ̀, tí mo tún rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀, màá tún gbá bọ́tìnnì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ rólà wúrà ló wà nínú ẹ̀rọ. Irin wà ní ọjà. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọwọ́ Yẹ́misí.

N kò ka èyí tó kù yìí mọ́ wọn, ṣùgbọ́n gbọ́ ọ. Dídákẹ́ tí o dákẹ́ láti wọ́kíṣọ́ọ̀bù dé gáréèjì, má fi ṣe mí mọ́ láé. Pariwo mọ́ mi. Ní, "Ìyé, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!" Èmi náà á pariwo, àwọn èèyàn á dá sí i, a ó ra búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ á tán. Èwo ni kí o kó o sínú, kí ó wá di pé o fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀, kí ó jẹ́ ẹnu Káyọ̀dé ni mo ti máa gbọ́?

Ìyá Bọ́sẹ̀ tún bi mí léèrè o. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ni, ó ní, "Báwo ni táìpù?" Mo dìde dúró. Mo ní, "Ọmọ mi máa ń bí irin sínú dígí ná. Ó máa yẹ̀ ẹ́ wò yíká, ó máa mọ ibi tó ti máa kán, á tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni á tó bí i sáyé, ẹ̀rọ á máa gbẹ̀bí, òun á ká ọwọ́ sáyà." Àwọn tó kù ní àwọn fẹ́ rí rólà náà. Mo ní wọ́n máa rí i. Mo ti sọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run, Yẹ́misí, o kò gbọdọ̀ sọ mí di òpùrọ́.

Ọlọ́run á ṣíjú àánú wo ọ̀gá yẹn fún ọ. Jẹun dáadáa. Epo tí mo gbé wá, má fún àwọn tó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Mo ti ń di ìwé yìí kí n tó rántí pé o jẹ mí ní nǹkan. Lọ́dún tí o ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, o fi òkìtì ẹ̀gẹ́ kan sílẹ̀ fún mi lágbàlá láìbó, o ń sáré lọ síbi lẹ́sìnnì, o ní, "Ìyé, mo jẹ yín ní òkìtì kan." Èmi nìkan ni mo bó o. Gbogbo ọlidé tí o ti wá láti ìgbà náà, o kò san án. Ní báyìí o ní o fẹ́ wá fi gbogbo ayé rẹ bó ẹ̀gẹ́ fún mi. N kò yá ọ ní gbogbo ayé. Òkìtì kan ni. Gé rólà rẹ, gba ìwé ẹ̀rí rẹ, kí o wá bó òkìtì kan tí o jẹ mí, kí o sì padà síbi iṣẹ́ rẹ. Mo fẹ́ gbà á.